Ọmọ ń bì ni, àbí ọmọ ń pọ ọmú? Èsì mi lórí “àpadàwá wàrà”

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá èdè wa. Mo ti ka gbogbo ohun tí ẹ kọ lórí ìwé pélébé tí a fẹ́ pín fún àwọn ìyá ọlọ́mọ tó ń sọ Yorùbá ní Nyanya, Karu àti Mararaba, lágbègbè Àbújá. Ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Kubwa ní kí á pe ohun tí àwọn dókítà ń pè ní reflux, ìyẹn ọmú tí ọmọ-ọwọ́ mu tó ń rọra padà jáde lẹ́nu rẹ̀, ní “àpadàwá wàrà”. Ará wa kan láti Zaria ní “èébì ọmọ-ọwọ́” ti tó, kí á má wulẹ̀ da ara wa láàmú. N kò fara mọ́ ìkankan nínú méjèèjì, mo sì fẹ́ sọ ìdí rẹ̀ kí ìwé náà tó dé ọ̀dọ̀ atẹ̀wé.

Kí á mú “wàrà” ná. Lápá ibi tí a wà yìí, tí ẹ bá dárúkọ wàrà fún ọmọ Ìlọrin tàbí ọmọ Ọ̀fà, ohun tí àwọn obìnrin Fúlàní ń gbé kiri nínú igbá ni ọkàn rẹ̀ máa lọ, èyí tí à ń dín ká tó jẹ ẹ́. Ọmọ kì í mu wàrà láyà ìyá rẹ̀. Ọmú ló ń mu, àwọn mìíràn á ní ọyàn. N kò tíì gbọ́ kí ìyá kan sọ pé “ọmọ mi ò mu wàrà láti àárọ̀”, àfi tó bá jẹ́ wàrà inú agolo ló ń sọ. “Àpadàwá” ńkọ́? Àlejò lè padà wá, ọmọ tó rìnrìn àjò lè padà wá. Kò sí ẹnu nínú ọ̀rọ̀ náà, kò sí ọ̀fun, kò sí ọmọ. Ẹni tó ti mọ reflux tẹ́lẹ̀ nìkan ló lè mọ ohun tí à ń wí.

“Èébì” gan-an ló bà mí lẹ́rù jù. Ẹ lọ jókòó sí ibi tí wọ́n ti ń gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ọlọ́sẹ̀ 6 tàbí ọlọ́sẹ̀ 10, kí ẹ wo àwọn ọmọ náà. Ìyá á yọ ọmọ lẹ́nu ọmú, á gbé e lé èjìká, ọmọ á gùfẹ̀, omi funfun á sì rọra ṣàn gba ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀ sórí aṣọ ìyá, pẹ̀lú ègé kéékèèké tó ti dì, tó ń rùn kíkan díẹ̀. Ọmọ kò sunkún, kò fajú ro. Nígbà mìíràn ó ń rẹ́rìn-ín lọ ní tirẹ̀. Kò sí ipá kankan nínú rẹ̀. Iṣan tó yẹ kó máa pa ẹnu ikùn dé, níbi tí ọ̀nà ọ̀fun ti wọ inú ikùn, ni kò tíì gbó. Oúnjẹ ọmọ jẹ́ olómi, ìdùbúlẹ̀ ló sì ń wà lọ́pọ̀ ìgbà. Ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ kí ọmọ tó pé ọ̀sẹ̀ 8, ó máa ń pọ̀ jù ní nǹkan bí oṣù 4, tí ọmọ bá sì fi máa pé ọdún 1, ó ti dáwọ́ dúró lára nǹkan bí 9 nínú ọmọ 10.

Ẹ wá lọ kọ ọ́ síwájú ìyá yẹn pé èébì ni. Òògùn èébì ló máa wá lọ. Ẹnìkan nínú ẹbí á sọ pé ọmú rẹ̀ ti bàjẹ́, kó já ọmọ náà lẹ́nu ọmú. Ẹlòmíràn á gbé àgbo dé, á ní kí wọ́n rọ ọmọ. Bẹ́ẹ̀ ọmú nìkan, láìfi omi kún un, ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ọmọ máa mu títí di oṣù 6. Tí nọ́ọ̀sì tó ń sọ Haúsá bá sì bi ìyá náà pé “Amai ne?” (“Ṣé èébì ni?”), tó dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n ti kọ èébì sí káàdì ọmọ tí kò bì rárá nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ tó yẹ ká lò kò nílò kí á ṣẹ̀ṣẹ̀ hun ún. Àwọn ìyá àgbà ń sọ ọ́: “Ọmọ ń pọ ọmú,” ìyẹn ni pé ọmú tó mu ń padà jáde lẹ́nu rẹ̀. Ẹ wo Bíbélì Yorùbá àtijọ́. Nínú Jónà 2:10, ẹja pọ Jónà sórí ilẹ̀ gbígbẹ. Nínú Ìfihàn 3:16, ẹni tí kò gbóná tí kò tutù, “èmi ó pọ̀ ọ́ jáde kúrò ní ẹnu mi.” Ẹran tó ń jẹ àpọ̀jẹ nínú Léfítíkù 11, ọ̀rọ̀ ìṣe kan náà ló wà nínú orúkọ yẹn: ó pọ̀ ọ́, ó tún un jẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ di àìmọ́ ní Léfítíkù 18:25, ilẹ̀ náà “bì” àwọn olùgbé rẹ̀ jáde. Ẹnìkan lè sọ pé ẹja Jónà kì í ṣe ọmọ-ọwọ́, pé ipá wà nínú ìyẹn. Mo gbà. Ohun tí mo ń tọ́ka sí ni pé Jónà jáde ní odindi, bí ó ṣe wọlé náà ló ṣe jáde. Màlúù tó ń jẹ àpọ̀jẹ kò ṣàìsàn, inú kò rú u. Bíbì ni ti ẹni tí inú ń rú, tí ikùn rẹ̀ sún kì, tí ara rẹ̀ kọ ohun tó jẹ.

Àbúrò wa obìnrin ní Gwarinpa ti sọ pé àwọn ọ̀dọ́ kò mọ “pọ̀” yìí mọ́, pé pípọ̀ ti ohun tó pọ̀ ni wọ́n máa gbọ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ dúró sí ló ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Ọmú pọ̀ láyà ìyá; ọmọ pọ ọmú. Ohùn ìsàlẹ̀ ti “pọ̀” á ròkè díẹ̀ níwájú ọ̀rọ̀ orúkọ, gẹ́gẹ́ bí “gbà” ṣe ń di “gba owó”, nítorí náà, kí á kọ ọ́ “pọ ọmú”, kí á sì pe ìṣẹ̀lẹ̀ náà ní “ìpọmú”. Méjèèjì tiẹ̀ lè pàdé lára ìyá kan: tí ọmú bá pọ̀ jù tó ń tú yàà, ọmọ á máa gbé e mì kánkán, á sì pọ̀ ọ́.

Ọ̀rọ̀ méjì mìíràn nínú ìwé náà ń fẹ́ àtúnṣe kíákíá. “Kí ọmọ tú afẹ́fẹ́ sílẹ̀” kò dára, ìsó ni gbogbo ènìyàn máa gbọ́. Ẹ kọ “kó gùfẹ̀”. Èkejì léwu ju ìyẹn lọ: “kí ọmọ máa sùn lẹ́yìn”. Níbí, ẹ̀yìn ìyá nínú ọ̀já ni ìyẹn! Ohun tí àwọn oníṣègùn ń wí ni pé kí ọmọ fi ẹ̀yìn lélẹ̀ sùn lórí ibùsùn tó tẹ́jú, ì báà jẹ́ ọmọ tó ń pọ ọmú, kí á má da ikùn rẹ̀ délẹ̀. Ìyá tó bá gba ọ̀rọ̀ náà sódì á pọn ọmọ lẹ́yìn ọmú tán, á fi ọ̀já fún ikùn rẹ̀ pinpin, ọmú á sì tún jáde. Èyí ni mo fi rọ́pò rẹ̀:

“Tí ọmọ bá mu ọmú tán, gbé e nàró sí àyà rẹ fún bí ìṣẹ́jú 20 sí 30, kó gùfẹ̀. Fún un lọ́mú díẹ̀díẹ̀ lemọ́lemọ́, kí ẹnu rẹ̀ gbá orí ọmú mú dáadáa. Tó bá pọ ọmú díẹ̀, tó sì ń sanra, nù ún kúrò, má ṣe já a lẹ́nu ọmú.”

Kí á wá fi “bì” sí ibi tí yóò ti ṣiṣẹ́ rẹ̀: “Tí ọmọ bá ń bì, tó ń ta jáde jìnnà lẹ́yìn gbogbo ọmú, tí ohun tó bì ní àwọ̀ ewé tàbí ẹ̀jẹ̀, tó kọ ọmú, tí kò tọ̀ dáadáa, tàbí tí kò sanra, gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lónìí.” Láàárín ọ̀sẹ̀ 2 sí 8, bíbì tó ń ta jáde bẹ́ẹ̀ lè jẹ́ pé ẹnu ọ̀nà tó gba ikùn lọ sínú ìfun ló ti fún pa, iṣẹ́ abẹ ló sì ń tú u. Ìyá tí a ti sọ fún pé gbogbo èyí tó bá jáde lẹ́nu ọmọ ni èébì, báwo ló ṣe fẹ́ mọ̀ pé tòní yàtọ̀?

Ó ku orúkọ ìpọmú tó ti di àìsàn, èyí tó ń ta ọmọ lọ́fun tàbí tí kò jẹ́ kó dàgbà. “Àrùn ìpọmú” ni mo rí mú, ṣùgbọ́n kò tíì tẹ́ mi lọ́rùn, torí ó lè kó jìnnìjìnnì bá ìyá tí ìpọmú ọmọ tirẹ̀ kò ṣe nǹkan kan. Ẹ bá mi béèrè lọ́wọ́ àwọn ìyá yín ní Ìlọrin, Ọ̀fà, Òkè-Ògùn, níbikíbi tí wọ́n bá wà: tí ọmọ bá ń pọ ọmú ju bó ṣe yẹ lọ, tó ń rù, kí ni wọ́n máa ń wí? Ẹ jọ̀wọ́, odindi gbólóhùn tó jáde lẹ́nu wọn ni kí ẹ kọ ránṣẹ́, ó pẹ́ tán ọjọ́ Ẹtì.