Báwo ni mo ṣe lè jí kthread (okùn iṣẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ nínú kernel) tó sùn sínú kernel_accept (tó ń dúró de ìsopọ̀ tuntun) kí rmmod (àṣẹ tó ń yọ módù) lè parí?

Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Mo ń kọ módù kan (ègé kóòdù tí a lè kì sínú kernel, ọkàn ètò Linux, tí a sì lè yọ) fún kernel Linux tó ń gba ìsopọ̀ TCP fúnra rẹ̀. sock_create_kern, kernel_bind àti kernel_listen, tí mo fi ń ṣí sọ́kẹ́ẹ̀tì (ojú ìsopọ̀) tí mo sì fi ń tẹ́tí sí ìsopọ̀, ń ṣiṣẹ́ dáadáa; kernel_recvmsg náà ń kó dátà sínú kvec (àpèjúwe ibi tí dátà máa wọ̀ nínú mẹ́mórì) bó ṣe yẹ.

Ìgbà tí mo bá fẹ́ yọ módù náà ni wàhálà ń dé. Kthread mi á ti sùn sínú kernel_accept. Lóòótọ́, kthread_stop, tó ń sọ fún kthread pé kó dúró, tó sì ń dúró dè é kó parí, ń jí i, ṣùgbọ́n bí kò bá sí ìsopọ̀ tuntun, ńṣe ló tún ń padà lọ sùn, rmmod á sì há síbẹ̀. Mi ò fẹ́ pe sock_release, tó ń tú sọ́kẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, nígbà tí kthread ṣì ń lo sọ́kẹ́ẹ̀tì náà, torí ìyẹn léwu gan-an.

Mo ń rò ó pé kí n kọ́kọ́ pe kernel_sock_shutdown pẹ̀lú SHUT_RDWR (tó ń ti sọ́kẹ́ẹ̀tì ní ìhà kíkà àti kíkọ), kí accept lè dá àṣìṣe padà, kí n tó pe kthread_stop. Ṣé kthread ò ní ti parí kí kthread_stop tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀? Àbí kí n kúkú lo sk_data_ready (iṣẹ́ tí kernel ń pè nígbà tí nǹkan bá dé sọ́kẹ́ẹ̀tì), kó máa ti iṣẹ́ sínú workqueue (ìlà iṣẹ́ tí kernel ń ṣe lẹ́yìn náà), nígbà tí sk_data_ready fúnra rẹ̀ ò gbọdọ̀ sùn? Ẹ jọ̀ọ́, èwo lẹ máa ń lò?