Egbò abẹ́ ẹsẹ̀ ìyá mi kò jiná, ẹ gbà mí o

Ọmọ Ìpẹru: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ó ti tó ọdún 11 tí àtọ̀gbẹ ti ń bá ìyá mi fínra. Bàtà tuntun tí wọ́n wọ̀ lọ sóde ìsìnkú ló bó wọn lábẹ́ àtàǹpàkò ẹsẹ̀. Ọ̀sẹ̀ 9 rèé, kò jiná. Wọ́n ní kò dùn wọ́n rárá, wọ́n sì ń lọ sọ́jà. Ẹni tó ń ta oògùn ládùúgbò ń tú kápúsù sójú egbò náà. Àbúrò wọn ní ká máa fi omi gbígbóná jó o. Láàárọ̀ yìí ni mo gbọ́ òórùn.

Nọ́ọ̀sì Ṣàgámù: Kò dùn wọ́n yẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Ṣúgà ti ba iṣan tó ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ mọ ìrora jẹ́, wọ́n lè tẹ ìṣó kí wọ́n má mọ̀. Omi gbígbóná kẹ̀? Ẹ má dán an wò, á bó wọn láìmọ̀. Tó bá ti ń rùn, ẹ má dúró dọ̀la. Ẹ gbé wọn wá sí OOUTH, ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ ní Ṣàgámù níbí: wọ́n á gé ẹran tó ti kú kúrò, wọ́n á ya X-ray bóyá ó ti wọ eegun, wọ́n á sì wò ó bóyá ẹ̀jẹ̀ ń dé ẹsẹ̀.

Ìyá Ìbejì: Ẹ gún ewé efinrin sí i ná.

Nọ́ọ̀sì Ṣàgámù: Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́ mà. Bí a ṣe ń fi ewé bò ó ni kòkòrò ń jẹun lábẹ́ rẹ̀.

Bàbá Òde: Ìka ẹsẹ̀ méjì ni wọ́n gé lẹ́sẹ̀ ọ̀tún mi, tòsì ni mo fi kọ́gbọ́n. Ohun tẹ́nìkan ò tètè sọ fún mi ni pé ìrìn ni kì í jẹ́ kó jiná. Wọ́n ń wẹ egbò, mo ń tẹ̀ ẹ́ fọ́. Ìgbà tí wọ́n fi POP, ẹfun líle tí wọ́n fi ń di eegun tó bá ṣẹ́, di ẹsẹ̀ òsì náà kí n má baà fi abẹ́ rẹ̀ tẹlẹ̀ ló tó bẹ̀rẹ̀ sí í pojú dé. Ṣúgà mi náà wálẹ̀, torí mo dín gààrí Ìjẹ̀bú ọ̀sán kù. (Ìyẹn dùn mí ju egbò lọ!)

Ọmọ Ìpẹru: Wọ́n ní àwọn ò lọ, pé wọ́n á gé ẹsẹ̀ àwọn.

Bàbá Òde: Fún wọn ní fóònù, kí n bá wọn sọ̀rọ̀. Èmi tí mo pẹ́ kí n tó lọ ni wọ́n gé tèmi.

Ọmọ Ìpẹru: Ẹ ṣé gan-an, sà. A ti wà nínú ọkọ̀. Wọ́n ṣì ń bi mí ta ló máa bá wọn ṣí ìsọ̀.

Nọ́ọ̀sì Ṣàgámù: Ẹ mú gbogbo oògùn wọn dání, àti bàtà yẹn.