Èsì sí "àwọ̀jọ ogun": òṣùká ni, òrùka kọ́

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Èmi ni mo gbé fọ́tò bàbá àgbà mi wá síbí lọ́sẹ̀ tó kọjá, tí mo ní kí ẹ bá mi wo aṣọ tó wà lọ́rùn wọn, kí n lè mọ irú sójà tí wọ́n ṣe. Nílé wa ní Iléṣà, àwọn kan ní ọlọ́pàá ni wọ́n, àwọn kan ní Bọ́mà ni wọ́n lọ jà nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ìbéèrè kan péré ni mo bi yín. Ẹ̀gbọ́n wa tó ń kọ̀wé láti Ilé-Ifẹ̀ dá mi lóhùn, mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n mo wá ìdáhùn nínú èsì náà tì. Ọ̀rọ̀ tuntun mẹ́rin ni mo bá níbẹ̀: "àwọ̀jọ ogun" fún aṣọ sójà, "ìpín-ogun" fún dífíṣọ̀n (ẹ̀ka ńlá nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun), "arẹrù-ogun" fún àwọn tó ń ru ẹrù, àti "òrùka-orí" fún ohun roboto tó wà lápá bàbá àgbà mi, tí ọ̀kọ̀ méjì gba inú rẹ̀ kọjá. Kí ọjọ́ méjì tó pé, èèyàn mẹ́ta ti ń lò wọ́n níbí bí ẹni pé inú Bíbélì ni wọ́n ti rí wọn. Ohun tó mú mi jókòó kọ èyí nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi. Ẹ ti fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ ọmọ ní Yorùbá, ẹ sì rán wa létí lẹ́ẹ̀mejì nínú èsì yín. Ṣùgbọ́n "jọ" kò mọ iye ọdún tí ẹnikẹ́ni fi ṣiṣẹ́.

Ẹ ní bí a ṣe ní àwọ̀tẹ́lẹ̀ náà la ṣe lè ní àwọ̀jọ. Mo gbà pé àwọ̀tẹ́lẹ̀ wà, agbádá àwọ̀kanlẹ̀ náà wà. Ẹ wo ohun tó tẹ̀ lé "wọ̀" nínú méjèèjì: bí aṣọ ṣe jókòó sára ló ń sọ. Kí wá ni "jọ" ń sọ níbẹ̀? Bí "jọ" bá gba ẹ̀yìn ọ̀rọ̀-ìṣe, kíkó nǹkan sójú kan ló ń sọ: kó jọ, pé jọ, dì jọ, rọ́ jọ. Àkójọ ewì, àpéjọ àwọn ọba. Ẹni tó wọ àwọ̀jọ, ẹni tí ọyẹ́ ń dà láàmú nìyẹn, tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì mẹ́ta lé síńgílẹ́ẹ̀tì, tó ki súwẹ́tà bọ̀ ọ́, tó tún wá da ìborùn ìyàwó rẹ̀ bo gbogbo rẹ̀. Bàbá mi kò wọ àwọ̀jọ. Ṣẹ́ẹ̀tì kan ló wà lọ́rùn wọn.

Bó bá jẹ́ "jọ" ti ká pawọ́ pọ̀ ṣe nǹkan lẹ ní lọ́kàn, iwájú ló ń dúró sí: a jọ ṣe é, a jọ jẹ ẹ́, àjọṣe, àjọjẹ. Àjọwọ̀ ni ì bá jẹ́. Arákùnrin tó kọ̀wé láti Òṣogbo ti sọ èyí ṣáájú mi, ó sì rò pé òun ti parí ọ̀rọ̀. Kò tíì parí o. Àjọjẹ, inú abọ́ kan náà la ti ń jẹ ẹ́. Àjọni, ohun kan ṣoṣo lèmi àti ìwọ jọ ní. Àjọwọ̀, ẹ̀wù kan fún èèyàn méjì nìyẹn: bí o bá wọ̀ ọ́ jáde lónìí, ó di ọ̀la kí ó tó kàn mí. Ìjọba òyìnbó láhun, ṣùgbọ́n wọn kò láhun dé ibi pé kí sójà méjì máa pín ṣòkòtò.

Ẹ̀gbọ́n ní "jọ" kẹta, ti ìjọra, ni àwọn ní lọ́kàn. Ó dáa. Ẹ wá pe àwọ̀jọ fún ọmọ tí kò rí i kọ sílẹ̀. Àwọ̀ ló máa gbọ́, àwọ̀ ara. Á rò pé ẹ ń bi òun bóyá òun pupa bí ìyá òun. Olùkọ́ tó kọ́ mi ní Yorùbá ní pírámárì ì bá ti ní kí n na ọwọ́ jáde. Ẹ̀gbẹ́ rúlà ni wọ́n fi kọ́ wa ní àmì ohùn, kì í ṣe pẹlẹbẹ rẹ̀, n kò sì lè gbàgbé láyé pé ohùn ìsàlẹ̀ ni "wọ̀" ní, pé bí aṣọ bá ti tẹ̀ lé e, ó di "wọ", bó bá sì di "mo wọ̀ ọ́", ó padà sílé. Irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀ ti tán.

Kí ni àwọn àgbà ń pè é? Aṣọ sójà. Aṣọ ọlọ́pàá. Aṣọ nọ́ọ̀sì. Aṣọ ilé-ìwé. A kì í dárúkọ irú aṣọ bẹ́ẹ̀ kí a má fi ẹni tó ń wọ̀ ọ́ kún un, ohun tí èmi sì ń wá nínú fọ́tò gan-an nìyẹn: aṣọ ta ni? Bí ẹ bá sọ pé ẹyọ ọ̀rọ̀ kan lẹ fẹ́, kákí wà nílẹ̀. Bí wọ́n bá ní lágbájá ti bọ́ kákí, kò sí ẹni tó máa bèèrè ìtumọ̀. Ẹgbẹ́jọdá náà wà, tí kì í ṣe àná la ti ń sọ ọ́. N kò ní pe ti sójà ní ẹgbẹ́jọdá o, torí wọn kò dáwó, ìjọba ló fún wọn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí "jọ" dúró sí nínú rẹ̀.

"Ìpín-ogun" kò ní gbà mí lákòókò. Létí tiwa n'Íléṣà, ìpín ogun ni ohun tó kàn ọ́ nínú ẹrù tí wọ́n kó bọ̀ láti ojú ìjà. Ẹ lọ bi àwọn ọmọ-ọmọ àwọn tó bá Ògèdèǹgbé jagun. Ẹ pè é ní dífíṣọ̀n kí a máa lọ. "Arẹrù-ogun" ńkọ́? Ṣé aláàárù ti kú ni?

Òrùka-orí ló dùn mí jù. Ẹ̀gbọ́n fẹnu ara wọn sọ pé inú ìwé òyìnbó làwọn ti rí i, pé ìwé náà so orí mọ́ òrùka, àwọn náà sì tú u lẹ́yọ lẹ́yọ. Ọjọ́ tí mo ka èsì yẹn ni mo gbé fọ́tò lọ bá àbúrò bàbá àgbà mi obìnrin. Wọ́n ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, ojú wọn kò mú bíi ti tẹ́lẹ̀, wọ́n ní kí n gbé e síbi ìmọ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n wo apá ẹ̀gbọ́n wọn títí. Wọ́n ní, "Òṣùká kọ́ rèé?" Wọ́n tún wò ó. "Ta ló wá ki ọ̀kọ̀ bọ inú òṣùká?"

Mo ní, Màmá, ẹ fi hàn mí. Wọ́n fa ìborùn wọn yọ léjìká, wọ́n ká a, wọ́n ṣù ú, wọ́n gbé e ka orí mi. Lójú tèmi, ohun tó wà nínú orúkọ náà nìyẹn: ṣù, ká. (Kí ẹnikẹ́ni má wá sọ fún mi pé kíká ló ṣáájú, pé ó yẹ kó jẹ́ òkáṣù.) Obìnrin tó ti fi òṣùká ru ẹ̀wà àti epo lọ sọ́jà Àtàkúmọ̀sà kò nílò ìwé òyìnbó láti dá a mọ̀. Òrùka: ìsàlẹ̀, ìsàlẹ̀, àárín. Ìka là ń fi í sí. Òṣùká: ìsàlẹ̀, ìsàlẹ̀, òkè. Orí ló ń gbé. Ẹ wá lọ mú ti ìka gbé sórí!

Ibẹ̀ gan-an ni ìdáhùn mi wà. Dífíṣọ̀n méjì ni wọ́n kó jọ (ẹ rí "jọ" níbi tó yẹ kó wà) láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní 1943, tí wọ́n rán lọ sí Bọ́mà. Ti 81, aláǹtakùn dúdú lórí pupa rúsúrúsú ni àmì wọn, Ànáńsè inú àlọ́ àwọn Akan ní Gánà. Bó bá jẹ́ àwa ni wọ́n bi léèrè, Ìjàpá ni ì bá wà níbẹ̀. Ti 82 ni ọ̀kọ̀ méjì tó dábùú ara wọn nínú òṣùká aláàárù. Ẹni tó ya á kò ṣe é lásán. Ní Arákàn, apá kan ní Bọ́mà tí wọ́n ti jà, òkè, igbó àti odò ni gbogbo ilẹ̀ ibẹ̀, ọkọ̀ kò rí ọ̀nà gbà, orí ni wọ́n fi ń ru ọta, oúnjẹ àti oògùn. Ohun tí àmì náà ń wí ni pé nípasẹ̀ àwọn aláàárù wa la fi ń jà. Ẹ wá sọ fún mi bí òrùka ṣe máa gbé ọ̀rọ̀ yẹn. Bàbá mi kì í ṣe ọlọ́pàá. Dífíṣọ̀n 82 ni wọ́n wà, akẹtẹ̀ tí wọ́n ká etí rẹ̀ kan sókè lórí wọn náà sì bá a mu, torí òun ni wọ́n ń dé ní Bọ́mà. Nígbà tí wọ́n dé, wọ́n di òṣómàáló, wọ́n ń ta aṣọ láwìn kiri ìlú. Màmá ní bí wọ́n bá lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, kò sẹ́ni tó lè lé wọn dìde, pé Bọ́mà ló kọ́ wọn.

Arákùnrin Òṣogbo, ìwọ lo kọ ọ́ láìfi àmì sí i dáadáa pé "ọkọ̀ méjì gba inú òrùka kọjá". Mo kọ́kọ́ rò pé ìjàǹbá ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà Ifẹ̀ sí Iléṣà ni. Ìwọ náà lo ní rìbọ́ọ̀nù àyà wọn wà lápá ọ̀tún, pé ìyẹn kì í ṣe ti sójà. Lápá òsì ni wọ́n ń fi í sí lóòótọ́. Wo bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì náà: òun náà gba òdìkejì, bíi ti obìnrin. Ẹni tó fọ fọ́tò ló dojú rẹ̀ dé.

Arábìnrin tó ní ọ̀pẹ nìkan ló wà lára fìlà bàbá tiwọn: ọ̀pẹ kò tó láti fi mọ dífíṣọ̀n. Àmì RWAFF lápapọ̀ ni (Royal West African Frontier Force, ẹgbẹ́ ọmọ ogun tí òyìnbó dá sílẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà), àwọn ará Gánà, Sàró àti Gáḿbíà náà lò ó. Ẹ wo lẹ́tà tó wà nísàlẹ̀ ọ̀pẹ. Bí R kò bá ṣáájú W, ó ti pẹ́ nìyẹn, torí 1928 ni ọba òyìnbó tó fi R kún un. Bó bá jẹ́ fìlà pupa gíga àti kóòtù péńpé tó ní etí rúsúrúsú ni wọ́n wọ̀, tí ẹsẹ̀ wọn wà lásán, aṣọ àṣeyẹ RWAFF nìyẹn, kò lè fi hàn yín bóyá wọ́n dé Bọ́mà.

Àwọn tó ní kí n má pe bàbá mi ní sójà mọ́, pé jagunjagun ni Yorùbá gidi: ẹ fi mí sílẹ̀. Jagunjagun lọ sí Kírìjì. Sójà gba owó oṣù. Kírìjì fúnra rẹ̀, ìró ìbọn ni wọ́n gbọ́ tí wọ́n fi sọ ogun náà lórúkọ, kò sí ìgbìmọ̀ kankan tó jókòó lé e lórí.

Ó ku nǹkan kan. Okùn méjì ló wà lápá wọn lábẹ́ òṣùká yẹn, kọ́púrà ni wọ́n. Mo rí i nísàlẹ̀ èsì yín, ẹ̀gbọ́n, pé ẹ ṣì ń ronú lórí orúkọ tí ẹ máa fún un. Ẹ jọ̀ọ́, mo dọ̀bálẹ̀, ẹ jẹ́ kó máa jẹ́ okùn.