Àwọn Ilé Tí Mo Lọ Sùn Sí Nítorí Ẹni Tó Yà Wọ́n

Ẹ̀yin olólùfẹ́ iṣẹ́ ọnà ilé, ohun tí mo ní í sọ lórí ibùwọ̀ tó rẹwà tó sì ṣàjèjì kò ju ẹyọ kan lọ: bí àyè bá wà láti sùn nínú ilé kan tí ẹ fẹ́ràn, ẹ má kàn lọ wò ó kí ẹ padà. Ẹ sùn síbẹ̀. Àwòrán á fi ojú ilé hàn yín, ẹni tó ń mú àlejò kiri á sọ ọdún tí wọ́n kọ́ ọ, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó lè sọ bí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ibẹ̀ ṣe ń dún lóru, tàbí apá ibi tí oòrùn kọ́kọ́ máa ń bà lára ògiri bí ilẹ̀ bá mọ́. Ayàwòrán ilé tó mọṣẹ́ ti ro gbogbo ìyẹn sílẹ̀, ẹni tó bá sùn ló sì máa rí i.

La Tourette ni n ó fi bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ló ti yé mi. Ilé àwọn ẹlẹ́jẹ̀ẹ́ ẹgbẹ́ Dominican nínú ìjọ Kátólíìkì ni, ní Éveux, nítòsí Lyon ní ilẹ̀ Faransé. Le Corbusier, ayàwòrán ilé olókìkí, ló yà á, wọ́n sì parí rẹ̀ ní 1960. Kọnkéré ni látòkè délẹ̀, kọnkéré tí wọn ò dán, tí àpá pákó tí wọ́n fi dà á ṣì wà lára rẹ̀. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè ni ilẹ̀ ibẹ̀. Òrùlé ni Le Corbusier kọ́kọ́ fà gbọọrọ, kó tó wá ro bí ilé ṣe máa sọ̀ kalẹ̀ kan ilẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn òpó ìsàlẹ̀ fi gùn níbì kan tí wọ́n sì kúrú níbòmíràn. Ẹni tó bá rí i lókèèrè lè rò pé ilé ìkẹ́rù ni. Àwọn kan tí a jọ dé ibẹ̀ ní kò lẹ́wà rárá. N kò bá wọn jiyàn, torí inú ni ilé náà ti ń sọ̀rọ̀.

Yàrá tí wọ́n fún mi jẹ́ ọ̀kan nínú nǹkan bí 100 tí wọ́n kọ́ fún àwọn ẹlẹ́jẹ̀ẹ́. Mo máa ń mú téèpù ìwọ̀n dání bí mo bá ń rìnrìn àjò, mo sì wọn yàrá náà fúnra mi. Fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mítà 1.83. Bí mo bá na apá méjèèjì, ìwọ̀nba díẹ̀ ló kù kí ìka mi kan ògiri lọ́tùn-ún lósì. Inú Modulor ni Le Corbusier ti mú un, ìyẹn ètò ìwọ̀n tó gbé ka ara èèyàn: 1.83 ni gíga ọkùnrin tó fi ṣe òdiwọ̀n, 2.26 sì ni ibi tí ìka ọkùnrin náà dé bó bá na ọwọ́ sókè. 2.26 yẹn náà ni gíga àjà yàrá. Mo ti mọ àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí tipẹ́, ṣùgbọ́n n kò mọ̀ pé ibi tó tóóró tó báyẹn lè má há mọ́ èèyàn. Yàrá náà gùn, ó sì ṣí sí bákónì ní ìparí rẹ̀, nítorí náà ojú kì í dúró lára ògiri, inú igbó ló máa ń lọ. Ibùsùn, tábìlì, àga, kọ́bọ́ọ̀dù, ibi ìfọwọ́, ó parí. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni balùwẹ̀ wà, gbogbo èèyàn ló sì jọ ń lò ó.

Ohun tó wọ̀ mí lọ́kàn jù níbẹ̀ kéré gan-an. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ dígí ni pákó tóóró kan wà tó dúró lóòró, nẹ́ẹ̀tì sì bo ẹ̀yìn rẹ̀ kí ẹ̀fọn má bàa wọlé. Ẹ ó ṣí i díẹ̀, atẹ́gùn á wọlé, dígí á sì wà ní títì. Dígí wà fún ìmọ́lẹ̀, pákó wà fún atẹ́gùn, ìkan ò dí èkejì lọ́wọ́. Láti ìgbà yẹn, gbogbo fèrèsé tí mo bá rí ni mo máa ń bi ara mi pé iṣẹ́ mélòó ni wọ́n dì lé e lórí, ṣé ó sì ń ṣe wọ́n dáadáa.

Lóru, mo gbọ́ ẹsẹ̀ ẹnì kan láti ìpẹ̀kun ọ̀dẹ̀dẹ̀ títí tó fi kọjá lẹ́nu ọ̀nà mi. Kọnkéré kì í gbé ohùn mì. Kò sẹ́ni tó sọ fún àwa àlejò pé ká rọra máa sọ̀rọ̀, síbẹ̀ gbogbo wa ti ń rọra sọ ọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ilé ìsìn ń fi ara rẹ̀ kọ́ni níwà, mo sì gbà pé ẹni tó yà á mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì ibẹ̀, ohùn orin àwọn ẹlẹ́jẹ̀ẹ́ lálẹ́ máa ń pẹ́ kó tó tán, débi pé wọ́n ní láti dúró de ìlà kan kí wọ́n tó kọ èkejì.

Kí n má gbàgbé àwọn dígí ńlá tó wà ní ìsàlẹ̀. Iannis Xenakis, tó padà di olókìkí nídìí kíkọ orin, wà lára àwọn tó ń bá Le Corbusier ṣiṣẹ́ nígbà náà. Òun ló ṣètò àwọn ọ̀pá kọnkéré tóóró tó pín dígí náà sí wẹ́wẹ́: wọ́n sún mọ́ra níhìn-ín, wọ́n fẹ̀ síra lọ́hùn-ún, wọ́n tún fún pọ̀. Lójú àwòrán, ẹ lè pè é ní ọ̀ṣọ́. Ẹ rìn níbẹ̀ nírọ̀lẹ́, kí oòrùn da òjìji wọn sílẹ̀, ẹ ó rí i pé ẹsẹ̀ yín ti ń bá wọn ka ìlù láìjẹ́ pé ẹ pinnu rẹ̀.

Dessau, ní Jámánì, ni mo tún rò pé ó yẹ kí gbogbo ẹni tó bá fẹ́ràn iṣẹ́ ọnà sùn sí. Walter Gropius ló ya ilé Bauhaus tó wà níbẹ̀, ìyẹn ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà, wọ́n ṣí i ní Oṣù Kejìlá 1926. Apá kan rẹ̀ tó ga sókè, tó ní bákónì kéékèèké, ni wọ́n ń pè ní Prellerhaus. Yàrá 28 ló wà níbẹ̀, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti ọ̀dọ́ olùkọ́ ń gbé, tí wọ́n sì tún ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Josef Albers, Herbert Bayer àti Marianne Brandt, tí wọ́n padà di olókìkí nídìí iṣẹ́ ọnà, wà lára wọn. Ẹnikẹ́ni lè gba yàrá níbẹ̀ báyìí. Ó fẹ̀, ó mọ́lẹ̀, ìkan nínú wọn á fẹ́rẹ̀ẹ́ gba méjì nínú yàrá La Tourette. Ẹwà ibẹ̀ jù lọ ni ìrọ̀lẹ́. Àwọn tó wá wòran á ti lọ, ilé á wá ku àwa tí a máa sùn. Mo jókòó lórí àtẹ̀gùn fún ìgbà pípẹ́, mo ń wo ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣí fèrèsé: ẹ yí ọwọ́ kan ṣoṣo, odindi ìlà fèrèsé á sì ṣí lẹ́ẹ̀kan náà. Bọ́ǹbù ti bà ilé yìí jẹ́ nígbà ogun, ní 1945. 1976 ni wọ́n tó tún un ṣe dáadáa.

Ibòmíràn wà tí mo dé tí n kò ní dárúkọ. Ìwé ìròyìn iṣẹ́ ọnà ti yìn ín gan-an. Balùwẹ̀ wà láàárín yàrá, dígí ni wọ́n fi yí i ká, iná tí ẹ bá tàn níbẹ̀ lóru á jí ẹni tó ń sùn. Ibùsùn jìnnà sí ojú ibi tí wọ́n ti ń pa iná. Ibi tí ayàwòrán kámẹ́rà máa dúró sí ni wọ́n rò, wọn ò ro ẹni tó máa dìde ní agogo mẹ́ta òru. Ó dùn mí, torí owó àti òye pọ̀ nínú iṣẹ́ náà.

Ẹ wá fi wé Vals, láàárín àwọn òkè Switzerland, níbi tí Peter Zumthor kọ́ ilé ìwẹ̀ omi gbígbóná sí. 1996 ni wọ́n ṣí i. Òkúta quartzite àfonífojì yẹn gan-an ni, wọ́n gé e ní pẹlẹbẹ tó tó 60,000, wọ́n tò ó léra. Oríṣi mẹ́ta ni sísanra wọn, ṣùgbọ́n tí ẹ bá to mẹ́tẹ̀ẹ̀ta léra wọn, sẹ̀ǹtímítà 15 ló máa ń jẹ́, nítorí náà wọ́n lè yí ètò wọn padà bó ṣe wù wọ́n, àwọn ìlà ńlá á sì tún pàdé. Omi inú adágún àárín jẹ́ ìwọ̀n ooru 32 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ọ̀kan wà tó gbóná dé 42, òmíràn tutù dé 14. Lọ́sàn-án, ìmọ́lẹ̀ máa ń gba àlàfo tóóró inú òrùlé wọlé, ó ń fa ìlà sára òkúta. Àwa tí a sùn sí hòtẹ́ẹ̀lì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láǹfààní láti wọ omi lálẹ́, nígbà tí àlàfo òrùlé ti ṣókùnkùn, tí ìmọ́lẹ̀ sì ń ti inú omi wá. Ilé kan náà ni, ṣùgbọ́n ìgbà yẹn ni mo tó rí bí àwọn ògiri rẹ̀ ṣe wúwo tó.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn ni hòtẹ́ẹ̀lì Kandalama, nítòsí Dambulla ní Sri Lanka. Geoffrey Bawa ló yà á. Lọ́yà ni Bawa tẹ́lẹ̀. Ẹni ọdún 38 ni nígbà tó gba ìwé ẹ̀rí ayàwòrán ilé ní 1957, ó sì ti lé ní àádọ́rin ọdún nígbà tó ṣe Kandalama, tí wọ́n ṣí ní 1994. Ẹsẹ̀ Sigiriya, àpáta ńlá olókìkí tí àwókù ààfin àtijọ́ wà lórí rẹ̀, ni wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ kọ́ hòtẹ́ẹ̀lì náà sí. Bawa kò gbà. Ó ní kí wọ́n gbé e lọ sí ẹ̀bá òkè mìíràn tó kọjú sí adágún Kandalama, kí àlejò máa rí Sigiriya lókèèrè. Ẹ rò ó wò: wọ́n fún un ní ibi tí gbogbo ayé ń fẹ́, ó sì sún sẹ́yìn kí ẹnikẹ́ni lè rí àpáta náà láìsí hòtẹ́ẹ̀lì lójú rẹ̀.

Gígùn ilé yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà kan, síbẹ̀ tí ẹ bá wà lórí adágún, ẹ lè má rí i, torí ewéko tó ń fà ti bo gbogbo ara rẹ̀. Tí ẹ bá wọlé, àpáta òkè gan-an ni ẹ máa bá nínú ilé. Wọn ò fọ́ ọ, ilé ló yà fún un. Àwọn òpó gbé ilé kúrò nílẹ̀ kí omi òjò tó ń ṣàn láti òkè lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Òjò rọ̀ lóru tí mo wà níbẹ̀. Mo dìde, mo jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, tó ṣí sílẹ̀ lápá òkè, mo sì ń gbọ́ omi bó ṣe ń ti ara àpáta bọ̀, tó ń kọjá lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, tó ń wá adágún lọ. Ayàwòrán ilé mìíràn ì bá fi gọ́tà darí rẹ̀. Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, àwọn ọ̀bọ ti wà lórí bákónì, nítorí náà ẹ má fi nǹkan kan síta.

Ní kúkúrú nípa ilẹ̀ Sweden, torí àwọn èèyàn máa ń bi mí: Mirrorcube tó wà ní Treehotel, ní Harads, jẹ́ àpótí onídígí mítà 4 lọ́nà gbogbo tí wọ́n so mọ́ igi, ó sì ní àwọ̀ lára dígí tí ẹyẹ ń rí tí àwa kò rí, kí wọ́n má bàa forí sọ ọ́. Ó dára gan-an. Icehotel ní Jukkasjärvi, yìnyín odò Torne ni wọ́n fi ń kọ́ ọ lọ́dọọdún kó tó yọ́. Mo mọyì ọgbọ́n wọn, àmọ́ òtútù kò jẹ́ kí n fojú sí iṣẹ́ náà bó ṣe yẹ.

Èyí tí n kò tíì dé ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi sọ. Wọ́n ti wó Nakagin Capsule Tower tí Kisho Kurokawa kọ́ sí Tokyo ní 1972, ilé tó ní àpótí kéékèèké 140 tí èèyàn ń gbé inú wọn, tí wọ́n fi bóòtù mẹ́rin mẹ́rin de ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ òpó àárín. 2022 ni wíwó náà bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n Kurokawa tún fi irú àpótí kan náà kọ́ ilé ìsinmi tirẹ̀ ní Nagano ní 1973, Capsule House K, àlejò sì lè gbà á. Ẹ̀yin tí ẹ ti sùn níbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́: kí ni fèrèsé roboto yẹn máa ń fi hàn yín bí ilẹ̀ bá ń mọ́? Ṣé òjò ń dún lára irin náà? Ṣé èèyàn méjì lè kọjá lára wọn láì jẹ́ pé ọ̀kan jókòó?