A ti mọ ògiri yí ilé ẹ̀kọ́ ká, ṣùgbọ́n ẹ̀rù kò tíì kúrò lára àwọn ọmọ. Kí ni kí ẹgbẹ́ òbí ṣe?

Ìyá Ìbejì (Àkúrẹ́):

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin olùkọ́, mo kí yín o. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan níhìn-ín ní Àkúrẹ́, àwọn ìbejì mi sì wà ní kíláàsì kẹrin níbẹ̀. Ẹ ó rántí pé ní oṣù kìíní ọdún 2024 ni wọ́n dá ọkọ̀ ilé ẹ̀kọ́ kan lọ́nà ní Èmùré-Èkìtì, tí wọ́n sì jí àwọn ọmọ kéékèèké àti àwọn olùkọ́ wọn gbé. Èmùré kò jìnnà sí wa rárá. Láti ìgbà náà ni oorun ti dá lójú ọ̀pọ̀ nínú àwa òbí, nígbà tí a sì ṣe ìpàdé, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó wà lẹ́nu gbogbo wa: kí a mọ ògiri yí ilé ẹ̀kọ́ ká. A dá owó, a ra búlọ́ọ̀kù, a pe bíríkìlà, a sì gba bàbá ọdẹ kan tí ó ń jókòó sí ẹnu géètì láti àárọ̀ títí àwọn ọmọ yóò fi jáde. Tọkàntọkàn ni mo fi ṣe iṣẹ́ náà, n kò sì kábàámọ̀ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà yìí ni Kẹ́hìndé ti ń sọ fún mi láràárọ̀ pé inú ń run òun. Ní ọjọ́ Sátidé, kò ní sọ bẹ́ẹ̀. Tí ó bá di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, yóò bẹ̀rẹ̀. Mo gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ wò, wọn kò rí ibà, wọn kò sì rí aràn. Táyé ni ó tú àṣírí náà fún mi nígbẹ̀yìn. Kẹ́hìndé máa ń kólòlò láti kékeré. Àwọn ọmọkùnrin kan ní kíláàsì kẹfà máa ń dúró dè é ní ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀, wọn yóò ní kí ó pe orúkọ ara rẹ̀ kí ó tó kọjá. Bí ó bá ti kólòlò, wọn yóò gbá a létí. Bí kò bá pe orúkọ náà tán, wọn yóò gba owó oúnjẹ ọwọ́ rẹ̀. Ọmọ náà kì í lọ tọ̀ mọ́ láti àárọ̀ títí yóò fi délé.

Mo lọ bá olùkọ́ rẹ̀. Ó ní ọmọkùnrin ni, kí ó mú ara le. Nígbà tí mo bi Kẹ́hìndé fúnra rẹ̀ ìdí tí kò fi fẹjọ́ sùn, ó ní bí òun bá sọ ọ́ ní Yorùbá, òun yóò san náírà 20, bí òun bá sì sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, kò ní tán.

Ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni ìpàdé wa. Kì í ṣe nítorí ọmọ tèmi nìkan ni mo ṣe ń béèrè. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni ẹgbẹ́ òbí lè ṣe kí ọkàn ọmọdé lè balẹ̀ nínú ilé ẹ̀kọ́, yàtọ̀ sí ògiri?

Bàbá Àdùkẹ́ (Àkúrẹ́):

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìfaradà. Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí dé egungun. Èrò tèmi ni pé kí wọ́n na àwọn ọmọ kíláàsì kẹfà yẹn níwájú gbogbo ilé ẹ̀kọ́ ní àkókò ìtò òwúrọ̀. Bí wọ́n ṣe ṣe é fún wa nìyẹn, ẹni tí ó bá sì rí i kò ní dán irú rẹ̀ wò.

Mo tún fẹ́ fi ohun kan kún un. Kẹ̀kẹ́ márúwá ni mo ń wà. Ní ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀, obìnrin kan bẹ̀ mí pé kí n bá òun lọ gbé ọmọ òun wá láti ilé ẹ̀kọ́. Mo dé ẹnu géètì, mo dárúkọ ọmọ náà, wọ́n sì fà á lé mi lọ́wọ́. Kò sí ẹni tí ó bi mí pé ta ni mí. Mo gbé ọmọ náà délé láìsí ewu, ṣùgbọ́n nígbà tí mo dùbúlẹ̀ lálẹ́ tí mo ronú sí i, àyà mi já. Ilé ẹ̀kọ́ yẹn ní ògiri, ó ga ju èmi lọ. Ẹ jẹ́ kí ìwé kan wà ní ẹnu géètì yín, kí òbí kọ orúkọ àwọn tí ó lè wá gbé ọmọ rẹ̀ sínú rẹ̀, kí bàbá ọdẹ má sì fa ọmọ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ láìkọ́kọ́ pe òbí lórí fóònù, ì báà jẹ́ ẹni tí ojú mọ̀.

Màmá Olùkọ́ Àgbà (Oǹdó):

Bàbá Àdùkẹ́, ẹ ṣeun. Ọ̀rọ̀ ìwé ẹnu géètì tí ẹ sọ yẹn, ẹ̀yin akọ̀wé, ẹ má jẹ́ kí ó bọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ti nínà níwájú ìtò, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ tẹnu mi. Ọdún 34 ni mo fi ṣe iṣẹ́ olùkọ́ kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì di pàṣán mú fún èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Ọmọkùnrin kan wà ní kíláàsì karùn-ún nígbà tí mo jẹ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, tí ó máa ń gba àkàrà àti owó lọ́wọ́ àwọn ọmọ kéékèèké. Mo nà án ní ẹgba mẹ́fà níwájú gbogbo ilé ẹ̀kọ́. Kò sunkún. Bàtà mi ni ó ń wò, kò gbójú sókè títí mo fi ṣe tán. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, kò wá mọ́. Nígbà tí mo tọpa rẹ̀ dé ilé, mo rí i pé ọ̀dọ̀ ìyàwó àbúrò bàbá rẹ̀ ni ó ń gbé, pé fùfú ni ó ń kiri kí ilẹ̀ tó mọ́, àti pé bí owó fùfú kò bá pé, kò ní jẹun, wọn yóò sì nà án. Ọmọ tí wọ́n ń nà nílé ni mo tún nà nílé ẹ̀kọ́. Ohun tí ó tún dùn mí jù ni pé kí sáà náà tó parí, ọmọ mìíràn ti gba ipò rẹ̀, nítorí pé kọ̀rọ̀ tí ó ti máa ń dúró de àwọn ọmọ kéékèèké ṣì wà níbẹ̀, olùkọ́ kankan kì í sì dé ibẹ̀.

Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003, tí ìpínlẹ̀ Oǹdó sọ di òfin tirẹ̀ ní 2007, sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ìyà tí yóò pa ọmọ lára tàbí tí yóò ba ọkàn rẹ̀ jẹ́ jẹ ẹ́. Kẹ́hìndé wà lábẹ́ òfin yẹn. Àwọn tí ó ń yọ ọ́ lẹ́nu náà sì wà lábẹ́ rẹ̀. Èyí kò wí pé kí a fi wọ́n sílẹ̀ o. Kí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe lápapọ̀, nítorí pé bí ọmọ bá wà láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀, yóò máa ṣe akin. Kí ó bi í léèrè ohun tí ó ṣẹlẹ̀ àti bí ilé rẹ̀ ṣe rí. Kí wọ́n dá owó tí wọ́n gbà padà. Kí wọ́n pe àwọn alágbàtọ́ wọn. Ẹ má sì ṣe gbé Kẹ́hìndé síwájú wọn kí ó wá rojọ́ lójú wọn, ẹ má ṣe ní kí wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́ ní ọjọ́ kan náà kí ẹ sọ pé ó ti parí. Ọmọ tí ẹ̀rù ń bà yóò ní òun ti dárí jì wọ́n, kí ó ṣáà lè kúrò níbẹ̀ ni.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú sí ìbéèrè tí mo fẹ́ bi yín. Nígbà tí ẹ ń dá owó ògiri yẹn, ǹjẹ́ wọ́n lé ọmọ kankan lọ sílé nítorí pé òbí rẹ̀ kò tíì san? Láti ọdún 2004 ni òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ti sọ pé ọ̀fẹ́ ni ẹ̀kọ́ ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba. Ọmọ tí wọ́n bá dá dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan lójú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nítorí owó kò ní gbàgbé.

Nọ́ọ̀sì Àwọn Ọmọdé (Àkúrẹ́):

Ìyá Ìbejì, inú rírun yẹn kì í ṣe irọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ọmọ náà ń díbọ́n. Ìpayà máa ń run ọmọ nínú ní tòótọ́, pàápàá láàárọ̀ ọjọ́ ilé ẹ̀kọ́. Ìtọ̀ tí ó ń dá dúró títí di ọ̀sán náà léwu, nítorí pé ó lè fa àrùn sí ilé ìtọ̀. Ẹ bi àwọn òbí ọmọbìnrin léèrè, ó ṣeé ṣe kí ẹ rí i pé àwọn náà kì í lọ bí ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kò bá ní ìkọ́ nínú.

Ohun kan wà tí ẹ lè ṣe tí kò ní ná yín ju ìwé àti pẹ́ńsù aláwọ̀ lọ. Ẹ ní kí àwọn ọmọ ya àwòrán ilé ẹ̀kọ́ wọn, láti géètì dé ibi tí wọ́n ti ń ra oúnjẹ. Ẹ ní kí wọ́n fi àwọ̀ ewé kun ibi tí ọkàn wọn ti ń balẹ̀, kí wọ́n sì fi pupa kun ibi tí ẹ̀rù ti ń bà wọ́n. Kí wọ́n má kọ orúkọ sí i. Ọmọ tí kò lè sọ̀rọ̀ yóò ya á. Ẹ ó rí ohun tí àgbàlagbà kò rí.

Bí ọmọ bá wá sọ ohun kan fún yín, ẹ tẹ́tí títí yóò fi sọ ọ́ tán, ẹ má ṣe bá a parí ọ̀rọ̀, ẹ má sì ṣèlérí pé ẹ kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Kí ẹ sọ fún un pé ó ṣe dáadáa bí ó ṣe sọ ọ́, kí ẹ sì sọ ohun tí ẹ máa ṣe lẹ́yìn náà. Bí ọ̀rọ̀ náà bá kan fífi ọwọ́ kan ara ọmọ níbi tí kò yẹ, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìpàdé òbí mọ́: ilé ìwòsàn àti ọlọ́pàá ni ní ọjọ́ náà gan-an, láìwẹ ọmọ náà, láìpààrọ̀ aṣọ rẹ̀.

Olùkọ́ Kíláàsì Kẹta (ọ̀nà Ìdànrè):

Ẹ̀yin àgbà, mo júbà. Náírà 20 yẹn ni kò jẹ́ kí n lè kọjá láìsọ̀rọ̀. Ní ilé ẹ̀kọ́ tiwa, inú oko kòkó ni ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ ti ń wá. Àwọn kan jẹ́ ọmọ Ìgèdè àti Tiv tí bàbá wọn wá láti Bẹ́núé wá ṣiṣẹ́ oko, àwọn ọmọ yòókù sì ń fi “Àgàtú” bú wọn, bí ẹni pé orúkọ ẹ̀yà jẹ́ èébú. Bí ìgbà fífọ́ kòkó bá dé, wọn yóò pẹ́ kí wọ́n tó dé kíláàsì, wọn yóò sì jẹ ẹgba nítorí pípẹ́. Mo dá ẹgba yẹn dúró nínú kíláàsì tèmi, mo sì ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan kọ́ wa ní bí a ṣe ń kí ènìyàn ní èdè ilé rẹ̀. Ọmọbìnrin Ìgèdè kan tí kì í lanu sọ̀rọ̀ rárá ni ó kọ́ mi ní ìkíni àárọ̀ wọn, ó sì bá mi tún un sọ títí mo fi mọ̀ ọ́n pè. Láti ọjọ́ náà ni ó ti ń wá sọ́dọ̀ mi bí wọ́n bá fi ohun kan dùn ún.

Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún mẹ́fà gbáko, àwọn ọmọ náà kò sì rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Kò sí ìdí tí a ó fi gbówó lọ́wọ́ ọmọ nítorí èdè ìyá rẹ̀. Bí ọ̀gá yín kò bá tilẹ̀ gbà láti fagi lé owó náà pátápátá, kí ó kéde ní àkókò ìtò pé èdè yòówù kí ọmọ fi fẹjọ́ sùn, a ó gbọ́ ọ, owó kankan kò sì sí níbẹ̀.

Ìyá Ìbejì (Àkúrẹ́):

Mo padà wá. Ẹ ṣé gan-an, gbogbo yín. A ti ṣe ìpàdé.

Ní ọjọ́ kan ṣáájú rẹ̀ ni mo bá àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin ya àwòrán tí Nọ́ọ̀sì sọ. Èyí tí ó ju ìdajì wọn lọ ni ó fi pupa kun ibì kan náà, ìyẹn ẹ̀yìn ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Mo mú àwọn ìwé náà dání, mo sì rìn lọ síbẹ̀. Kí a tó mọ ògiri, àwọn ìyá tí ń ta ọsàn lẹ́bàá títì ń rí ẹ̀yìn ibẹ̀ láti ibi tí wọ́n jókòó sí. Nísinsìnyí, kọ̀rọ̀ tóóró kan ni ó wà láàárín ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti ògiri, kò sì sí ojú àgbàlagbà kankan tí ó lè dé ibẹ̀. Àwa ni a fi owó ara wa kọ́ ọ. Mo dúró níbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ẹsẹ̀ mi kò gbé.

Ní ìpàdé, mo na àwọn àwòrán náà sórí tábìlì kí n tó sọ̀rọ̀ kankan, ariwo sì rọlẹ̀. A ti gbà pé kí bíríkìlà di ẹnu kọ̀rọ̀ náà ní Sátidé, kí ìkọ́ wà lára gbogbo ilẹ̀kùn, kí olùkọ́ méjì sì máa dúró ní ìhà ibẹ̀ ní àkókò ìsinmi. Ìwé ẹnu géètì ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ṣe ìkéde tí olùkọ́ wa ọ̀nà Ìdànrè sọ, ṣùgbọ́n lórí náírà 20 fúnra rẹ̀, àwọn òbí kan ṣì ń jà fún un, a ó tún pàdé lórí rẹ̀.

Màmá, ìbéèrè yín kò jẹ́ kí n sùn. Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n lé àwọn ọmọ lọ sílé nítorí owó ògiri, èmi ni mo sì kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Mo ṣí ìwé náà, mo sì bá orúkọ ọ̀kan nínú àwọn ọmọ kíláàsì kẹfà yẹn níbẹ̀. Ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ àgbà ni ó ń gbé. Mo máa lọ kí wọn ní ọjọ́ Àìkú, kì í ṣe láti lọ rojọ́.

Ní ọjọ́ Ajé, inú ṣì run Kẹ́hìndé. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kò sọ nǹkan kan. Ó jẹ ẹ̀kọ rẹ̀ tán, ó gbé báàgì rẹ̀ kọ́, ó sì ń pe Táyé pé kí ó yára.