Aṣọ ìnura ló tú àṣírí mi ní pápá ìdánrawò gọ́ọ̀fù

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará wa. Ẹnì kan ní ká sọ bí a ṣe ń ṣe ìdánrawò gọ́ọ̀fù tó fi ń hàn lọ́jọ́ ayò gidi, ọ̀rọ̀ yẹn sì kàn mí gbọ̀ngbọ̀n. Ọdún méjì gbáko ni mo fi náwó sí i tí mi ò rí èrè kankan.

Essex ni mo ń gbé, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, bí mo bá ti bọ́ lẹ́nu iṣẹ́, ó di pápá ìdánrawò. Mo máa ra bọ́ọ̀lù 100, mo máa fa driver yọ, ìyẹn igi gọ́ọ̀fù tí a fi ń gbá bọ́ọ̀lù lọ jìnnà jù, ó di gbàù, gbàù. Kó tó tó ogójì ìṣẹ́jú, agbọ̀n ti gbófo. Òógùn á ti bò mí, inú mi á sì dùn pé mo ṣiṣẹ́. Tó bá wá di Sátidé, bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ á wọgbó, ìkejì á wọ omi. Lọ́jọ́ kan, ìgbà 112 ni mo gbá bọ́ọ̀lù lórí pápá tí par rẹ̀, ìyẹn iye ìgbà tó yẹ kí ọ̀jáfáfá gbá a parí, jẹ́ 72. Ẹkún fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ̀n mí nínú mọ́tò.

Bàbá kan ló là mí lójú. Ọmọ Ẹ̀gbá ni wọ́n, wọ́n ti ṣe kádì, ẹni tó ń bá agbágọ́ọ̀fù gbé àpò igi, ní Ìkòyí nígbà èwe wọn. Wọ́n dúró lẹ́yìn mi pẹ́, wọn ò sọ nǹkan kan. Nígbà tó yá, wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ta lò ń bá jà?" Mo yíjú padà, mo kí wọn. Wọ́n fa aṣọ ìnura tó wà lára àpò mi yọ, wọ́n ká a pẹlẹbẹ, wọ́n tẹ́ ẹ sẹ́yìn bọ́ọ̀lù. Àlàfo àárín wọn ò ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ lọ. Wọ́n ní kí n fi iron 7, igi olórí irin tí a fi ń gbá ọ̀nà tí kò jìn jù, gbá a. Gbì! Aṣọ ni mo gbá, ó bá igi fò lọ síwájú. Nínú bọ́ọ̀lù mẹ́wàá, mẹ́fà ni mo fi kan aṣọ yẹn.

Wọ́n ní kápẹ́ẹ̀tì tí a ń dúró lé ló ń tàn mí. Bí igi bá balẹ̀ kó tó kan bọ́ọ̀lù, kápẹ́ẹ̀tì á jẹ́ kó yọ̀ kọjá, bọ́ọ̀lù á ṣì fò. Lórí koríko, ilẹ̀ á gba igi mú, bọ́ọ̀lù ò sì ní lọ ju ìṣísẹ̀ mélòó kan. Bí gbogbo Sátidé mi ṣe rí gan-an nìyẹn!

Láti ìgbà náà, 50 ni mo ń rà. Mo máa ń fi wedge, igi ọ̀nà kúkúrú, gbá 15 àkọ́kọ́ pẹ̀lú aṣọ lẹ́yìn wọn, láìlo agbára. Èyí tó kù, ńṣe ni mo ń fojú inú gbá pápá tí a óò lọ ní Sátidé: driver fún ihò kìíní, iron 7 tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà wedge. Nínú èyí tó kù yìí, mi ò kì í fi igi kan náà gbá ẹ̀ẹ̀mejì tẹ̀léra. Kí n tó gbá èyíkéyìí, mo máa ń padà sẹ́yìn bọ́ọ̀lù, mo máa wo pátákó tí mo fẹ́ kó lọ bá, kí n tó wọlé dúró.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó sú yín. Oṣù kan gbáko ni ọwọ́ mi fi dàrú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìgbà tó yá ni mo kà á pé àwọn olùwádìí kan, Shea àti Morgan, ti dán irú rẹ̀ wò ní 1979: àwọn tó ń da oríṣiríṣi iṣẹ́ pọ̀ nígbà ìdánrawò kọ́kọ́ ń ṣe é lọ́nà tó burú ju àwọn tó ń ṣe ọ̀kan léraléra lọ, àwọn náà ló sì wá mọ̀ ọ́n ṣe jù lẹ́yìn náà.

Putter náà, igi tí a fi ń rọra ti bọ́ọ̀lù sínú ihò, ńkọ́? Lórí par 72, wọ́n ti ka 36 sí i lọ́rùn, méjì méjì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ihò 18. Èmi tí mi ò fọwọ́ kàn án rí nígbà ìdánrawò!

Bàbá ti padà sí Abẹ́òkúta báyìí. Ní Sátidé tó kọjá mo gbá 94, mo sì fi ránṣẹ́ sí wọn lórí WhatsApp. Wọ́n kí mi kú oríire, wọ́n wá béèrè pé mélòó nínú rẹ̀ ni putter.