Ṣé ọ̀kan náà ni "fọkàn tán" àti "gbẹ́kẹ̀ lé"?

Ẹ jọ̀ọ́, mò ń kọ lẹ́tà sí ọ̀rẹ́ mi, èwo ni kí n lò?

— Wọn ò jọra o. Ẹni tí mo fọkàn tán, mo lè gbé fóònù mi sílẹ̀ níwájú ẹ̀ láì tì í pa kí n lọ wẹ̀, àyà mi ò ní já. Gbẹ́kẹ̀ lé wúwo jùyẹn lọ, tónítọ̀hún bá já ẹ kulẹ̀, iṣẹ́ bàjẹ́ nìyẹn.

— Ẹ má gbàgbé "finú hàn" o, èèyàn lè fọkàn tán ẹnì kan lórí owó kó má sì finú hàn án rárá.

— "Trust" (ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ìfọkàntán) tàwọn lọ́yà tún yàtọ̀, dúkìá á wà níkàáwọ́ ẹnì kan, àmọ́ ẹlòmíì ló máa jàǹfààní ẹ̀.